Mo sanwó fún ìmúrasílẹ̀ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò awakọ̀ bàálù akẹ́rù: àgbéyẹ̀wò mi

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ó kù kí ilé-iṣẹ́ bàálù akẹ́rù kan fi ọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò nígbà tí mo sanwó fún iṣẹ́ ìmúrasílẹ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Mo ti fi ọdún mẹ́jọ wa bàálù kékeré tí ó ń kó èrò, wákàtí ìfò mi tó, ìwé ẹ̀rí mi sì pé, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí mo ti jókòó síwájú ẹnikẹ́ni láti tọrọ iṣẹ́, àyà sì ń já mi. N kò ní dárúkọ àwọn tí ó ta iṣẹ́ náà fún mi. Irú wọn pọ̀, ohun kan náà ni ọ̀pọ̀ wọn sì ń tà, nítorí náà ohun tí mo fẹ́ sọ ni èyí tí ó tó owó nínú ọjà wọn àti èyí tí kò tó o.

Nǹkan mẹ́rin ni owó náà rà fún mi: àkójọ ìbéèrè tí ó lé ní 600 lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò àfidánrawò méjì lórí fídíò pẹ̀lú ọ̀gá awakọ̀ kan tí ó ti fẹ̀yìn tì, àyẹ̀wò fọ́ọ̀mù ìwáṣẹ́ mi àti logbook tí mo ń kọ wákàtí ìfò sí, pẹ̀lú wákàtí kan nínú símúlétọ̀, ẹ̀rọ orí ilẹ̀ tí a fi ń ṣe ìdánrawò bí ẹni pé a ń wa bàálù. Wọn kì í tà wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ọ̀kan gbọ́dọ̀ ra gbogbo rẹ̀, ẹ̀dùn mi àkọ́kọ́ sì nìyẹn.

Àkójọ ìbéèrè ni wọ́n fi ń polówó ara wọn, òun gan-an ni ó sì já mi kulẹ̀ jù. Àwọn tí ó ti lọ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ní oríṣiríṣi ilé-iṣẹ́ ni ó ń kó ìbéèrè àti ìdáhùn wá, kò sì jọ pé ẹnikẹ́ni ń yẹ̀ wọ́n wò. Mo rántí ìbéèrè kan nípa bí eré bàálù ṣe gbọ́dọ̀ mọ nígbà tí ó bá ń yí po lójú kan lófuurufú, tí ó ń dúró de àṣẹ láti sọ̀ kalẹ̀. Ìdáhùn tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé kò gbọdọ̀ ju knot 200 lọ (knot ni a fi ń wọn eré bàálù) láti 6,000 ẹsẹ̀ bàtà sísàlẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n òfin Amẹ́ríkà nìyẹn. Lábẹ́ ìlànà ICAO, àjọ àgbáyé tí ó ń rí sí ọkọ̀ òfuurufú, knot 230 ni ààlà fún bàálù jẹ́ẹ̀tì ńlá títí dé 14,000 ẹsẹ̀ bàtà. Ẹni tí ó bá há ìdáhùn wọn sórí, tí ó lọ kà á níwájú àwọn tí ń fò lábẹ́ ìlànà kejì, yóò dà bí ẹni tí kò mọ iṣẹ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi àkójọ náà mọ orí ọ̀rọ̀ tí ó yẹ kí n kà, tí mo sì ń lọ ka ọ̀rọ̀ fúnra rẹ̀ nínú ìwé.

Àyẹ̀wò logbook ni n kò kà sí rárá nígbà tí mo ń sanwó. Obìnrin tí ó ṣe é fún mi lo ọjọ́ méjì, ó sì rí i pé wákàtí òru tí mo kọ sínú fọ́ọ̀mù fi mọ́kànlá ju èyí tí ó wà nínú logbook lọ, nítorí pé mo ti ka ojú ewé kan lẹ́ẹ̀mejì nígbà tí mo ń ṣírò. Wákàtí mọ́kànlá kò pọ̀ nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ṣùgbọ́n ẹni tí ó fẹ́ gbani síṣẹ́ kò lè mọ̀ bóyá àṣìṣe ni tàbí irọ́. Ó tún gbà mí nímọ̀ràn pé kí n ṣí ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀, kí n rántí ohun kan nípa ìrìn àjò tí ó bá ṣàjèjì níbẹ̀. Ní ọjọ́ tí ọ̀rọ̀ dé ojú rẹ̀, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ṣe ni pé wọ́n ṣí logbook mi láàrin, wọ́n fi ìka lé ìfò òru kan, wọ́n ní kí n sọ bí ó ṣe lọ.

Ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò àfidánrawò ni ó gba owó mi là. Ọ̀gá awakọ̀ tí wọ́n yàn fún mi ti bá àwọn tí ń yan awakọ̀ jókòó rí, ó sì mọ ohun tí wọ́n ń kọ sílẹ̀ nígbà tí a bá ń sọ̀rọ̀. Ó ní kí n sọ nípa ìgbà kan tí ohùn èmi àti ọ̀gá mi nínú bàálù kò ṣọ̀kan. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rojọ́: ojú ọjọ́ báyìí, epo báyìí, ẹni tí ó wà ní ilé ìṣọ́ sọ báyìí. Ó jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, ó wá ní, "O ti lo ìṣẹ́jú márùn-ún, mo mọ bí kùrukùru ọjọ́ náà ṣe rí, ṣùgbọ́n n kò tíì mọ ohun tí ìwọ fúnra rẹ ṣe." Ó tẹ fídíò náà padà fún mi, mo sì gbọ́ ara mi tí mo ń wí pé "a rò ó", "a pinnu", "a yà". Èdè inú bàálù ni, nítorí pé ẹni méjì ní ń wà á, ṣùgbọ́n ẹni kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́ gbà síṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni ó mú mi tún ìtàn náà sọ, títí ó fi di ìṣẹ́jú méjì tí ọ̀rọ̀ mi sì hàn nínú rẹ̀.

Ibi tí ó ta mí lára jù ni ọ̀rọ̀ ìdánwò tí mo ti fìdí rẹmi. Ní ọdún méje sẹ́yìn, mo jẹ́ kí bàálù sọ̀ kalẹ̀ kọjá ìwọ̀n gíga tí a fi lélẹ̀ nígbà tí n kò tíì fojú rí ojú ọ̀nà ìbalẹ̀, olùdánwò sì dá ìdánwò náà dúró. Ìdáhùn tí mo ti múra sílẹ̀ di ẹ̀bi náà ru afẹ́fẹ́, ó sì fi díẹ̀ kún un fún olùdánwò. Ọ̀gá náà gé e kù sí gbólóhùn mẹ́ta: ohun tí mo ṣe, ìdí tí mo fi ṣe é, àti ohun tí mo yí padà láti ìgbà náà. Mo bi í pé, "Ṣé ẹ kò rò pé mo lè má mẹ́nu kàn án, níwọ̀n ìgbà tí ó ti pẹ́?" Kò bínú. Ó ní kí n lọ ka ìròyìn NTSB, àjọ tí ó ń ṣèwádìí ìjàǹbá bàálù ní Amẹ́ríkà, lórí Atlas Air 3591, Boeing 767 akẹ́rù tí ó já sí Trinity Bay ní Texas ní ọjọ́ 23 oṣù Kejì ọdún 2019, tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí ó wà nínú rẹ̀ kú. Ìròyìn náà sọ pé igbákejì awakọ̀ ti mọ̀ọ́mọ̀ fi ìtàn àwọn ìdánwò tí kò yege pamọ́ fún ilé-iṣẹ́ tí ó gbà á. Mo kà á ní òru ọjọ́ kan. N kò tún béèrè mọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀gá mi yìí kò wa bàálù akẹ́rù rí, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ wọn ti yarọ. Nínú gbogbo àkókò tí a jọ lò, ó bi mí nípa èrò tí ó mutí yó, nípa ìkéde fún èrò, nípa èrò tí àìsàn kọlù lójú òfuurufú. Kò bi mí ní ìbéèrè kan ṣoṣo nípa ẹrù. Nígbà tí mo fi ẹjọ́ sun, ẹni tí ó dá mi lóhùn ní bàálù ni bàálù.

Kò rí bẹ́ẹ̀. Èrò máa ń de ara rẹ̀ mọ́ ìjókòó, ẹrù ni a gbọ́dọ̀ bá de ara rẹ̀. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹrin ọdún 2013, ọkọ̀ ogun kan já ìdè nínú Boeing 747 akẹ́rù ti National Airlines bí ó ti ń gbéra ní Bagram, ní Afghanistan. Ó yí sẹ́yìn, ó ba ohun tí a fi ń darí ìrù bàálù jẹ́, ènìyàn méje sì kú. Iná pẹ̀lú yàtọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ bàálù akẹ́rù, kò sí gáàsì ìpaná ní àjà òkè tí ẹrù pọ̀ sí jù. Awakọ̀ ní láti dí ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń gbà dé ibẹ̀, kí ó tú afẹ́fẹ́ inú bàálù jáde kí iná má baà rí ohun tí yóò máa mí, kí ó sì wá ibi tí yóò balẹ̀ sí kíákíá. Bàálù UPS tí ó jó ní Dubai ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2010, tí awakọ̀ méjèèjì kú, bátìrì lithium pọ̀ nínú ẹrù rẹ̀. Láti ọjọ́ 1 oṣù Kẹrin ọdún 2016, bátìrì lithium-ion tí a dì lóun nìkan kò gbọdọ̀ wọ bàálù èrò gẹ́gẹ́ bí ẹrù mọ́; bàálù akẹ́rù ni ó ń gbé e, agbára inú rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ ju ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ohun tí wọ́n kọ̀ fún èrò, àwa ni wọ́n ń gbé e wá bá.

Èmi nìkan ni mo kọ́ gbogbo èyí ní òru mẹ́wàá, pẹ̀lú ìpín mẹ́sàn-án tí a pín ẹrù eléwu sí àti NOTOC, ìwé tí a fi ń sọ fún ọ̀gá awakọ̀ irú ẹrù eléwu tí ó wà nínú bàálù rẹ̀ àti ibi tí wọ́n kó o sí. Ní ọjọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, wọ́n bi mí nípa mẹ́ta nínú ohun tí mo kọ́ wọ̀nyí. Wọ́n tún bi mí bí mo ṣe máa ń sùn ní ọ̀sán kí n tó ṣiṣẹ́ òru, nítorí pé láàrin aago méjì sí mẹ́fà òwúrọ̀ ni ara ènìyàn máa ń rọ̀ jù, ìgbà náà gan-an ni ẹrù sì ń rìn. Kò sí ìyẹn nínú ìbéèrè 600 wọn.

Símúlétọ̀ kò burú, ó kàn kúrú. A fi ìṣẹ́jú ogún tò ó, èyí tí ó kù sì tó fún pípa ẹ́ńjìnnì kan lẹ́yìn V1 (eré tí bàálù tí ń gbéra bá ti kọjá, tí kò gbọdọ̀ dúró mọ́) àti ìbalẹ̀ kan láìsí autopilot, ẹ̀rọ tí ń bá awakọ̀ darí bàálù. Ohun kan tí mo mú níbẹ̀ ni pé kí n máa sọ ohun tí mo fẹ́ ṣe jáde lẹ́nu kí n tó ṣe é.

Mo gba iṣẹ́ náà. Bí wọ́n bá ń ta àfidánrawò àti àyẹ̀wò logbook nìkan, ìdajì owó tí mo san ni mo máa ní kí ẹnikẹ́ni san. Lẹ́yìn tí lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ dé, mo kọ̀wé sí wọn, mo sì to àwọn ìbéèrè nípa ẹrù tí wọ́n bi mí sínú rẹ̀, láìgba kọ́bọ̀. Wọ́n dúpẹ́, wọ́n ní àwọn yóò fi kún un. Ó ti pé oṣù mẹ́rin. Mo wọlé síbẹ̀ lánàá, ìkéde fún èrò ni ìbéèrè tí ó ṣì wà lókè pátápátá lábẹ́ àkọlé "bàálù akẹ́rù".