Tábílẹ́ẹ̀tì ọmọdé tí mo rà ní Lágere, ẹ gbọ́ tẹnu mi

Ọjọ́ kọkànlá tí mo ra tábílẹ́ẹ̀tì yìí fún ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin, ló kọ̀ tí ò gba ṣájì mọ́. Mo pààrọ̀ ṣájà, mo pààrọ̀ sọ́kẹ́ẹ̀tì, NEPA sì wà o, pàbó. Mi ò tiẹ̀ jẹun, mo gun ọ̀kadà láti Parakin, mo ti ń to èébú sẹ́nu lọ́nà.

Ọmọge tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ò gbójú kúrò lórí fóònù rẹ̀. "Mọ̀mí, a kì í gbọjà padà o, ó wà lára ríṣíìtì." Mo wò ó, lóòótọ́ ló wà níbẹ̀, wínníwínní bí ẹsẹ̀ èèrà. Ni mo bá figbe ta, àwọn tó ń ra pọ́ọ̀ṣì fóònù dúró wòran. Bọ̀bọ́ kan tó ń tún fóònù ṣe lẹ́yìn káńtà ló ní kí n gbé e wá, ó tan tọ́ọ̀ṣì sójú ihò ṣájà, ó rẹ́rìn-ín, ó mú abẹ́rẹ́, ó wá ń ha nǹkan funfun kan jáde díẹ̀díẹ̀ sórí tíṣù. "Mọ̀mí, ògì rèé." Ògì àárọ̀ tó ti gan paali! Ojú tì mí, mo na 500 náírà sí i, kò gbà. Mo bẹ ọmọge yẹn náà, ó ní kò sí wàhálà, fóònù ló ṣì ń tẹ̀.

Iṣẹ́ tábílẹ́ẹ̀tì náà ò burú sha. Kì í jẹ dátà, S tí ọmọ mi máa ń kọ dojú sódì tẹ́lẹ̀ ti tọ́. Mo sì ṣètò ẹ̀ kó máa kú fúnra ẹ̀ tó bá pé wákàtí kan, torí WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ti sọ ọ́ ní 2019 pé ọmọ ọdún 2 sí 4 ò gbọdọ̀ jókòó ti irú ẹ̀rọ aláwòrán bẹ́ẹ̀ ju wákàtí kan lọ lójúmọ́, kó má tiẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ ló dáa jù. Tó bá ti kú, ẹkún dé nìyẹn.

Èyí tó ń bí mi nínú ni pé kò gbọ́ Yorùbá rárá. "I for igloo," ilé tí wọ́n ń fi yìnyín kọ́ nílẹ̀ olótùútù. Ọmọ bi ìyá ọkọ mi pé kí ni igloo, màmá wo àwòrán yẹn títí, wọ́n ní, "Òkìtì ọ̀gán ni, wọ́n fẹfun kùn ún." Ó ti lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún tíṣà! Ní Ifẹ̀ níbí o, níbi tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí wọn ní 1970, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fọ́dún 6 gbáko, àwọn ọmọ yẹn ò sì gbẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì. Ṣé ó wá le jù láti fi "I, ilé" síbẹ̀ ni?

Máàkì mi: 2 nínú 5. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n bá òun ra ọ̀kan, Sátidé ni mò ń lọ.