Bí a bá ti mọ òpin ẹ̀, kí ló ń já àyà wa?

Màámi ló bà á jẹ́ fún wa. A jókòó sí pálọ̀ nílé wa ní Òkè-Baálẹ̀, l'Óṣogbo, èmi, ìyàwó mi, àwọn ọmọ, àti màámi tó wá kí wa, à ń wo House of Ga'a lórí Netflix. Fíìmù ò tíì lọ títí tí màámi fi dáwọ́ ẹ̀wà tó ń ṣà dúró, ó ní, "Bí o láyà, o ṣèkà, bí o rántí ikú Gáà, o ṣòótọ́." Àbíkẹ́yìn mi figbe ta: "Màámà àgbà! Ẹ ti sọ ìparí ẹ̀ fún wa!"

Òótọ́ ló sọ, àmọ́ ta ni kò mọ ibi tí ọ̀rọ̀ Baṣọ̀run Gáà já sí? Síbẹ̀, nígbà tó kan Agbọ́nyìn, ọmọ ọba tí wọ́n fi rúbọ dípò àgbọ̀nrín, màámi tó mọ gbogbo ẹ̀ látilẹ̀ ló kọ́kọ́ fi ìborùn bojú. Ẹ̀wà dà sílẹ̀ káàkiri kápẹ́ẹ̀tì. Femi Branch ló ṣe Gáà. Ọkùnrin náà jókòó bí ẹni tó ni àga, tó ni ilé, tó tún ni ẹni tó wá kí i. Ohun tí mi ò fara mọ́ ni pé àwọn ọ̀dọ́ kan nínú ẹ̀ ń sọ Yorùbá Súrùlérè láàfin Ọ̀yọ́. Bolanle Austen-Peters ló darí ẹ̀, ọdún 2024 ló jáde.

Fóònù ni mò ń tún ṣe nítòsí Ọláìyá. Tí mo bá ti fi ojú wo inú fóònù láàárọ̀ dalẹ́, fíìmù tó ń já àyà ẹni ni mo fi ń sinmi. Ṣùgbọ́n látọjọ́ ẹ̀wà yẹn ni mo ti ń kíyè sí i pé èyí tí mi ò mọ òpin ẹ̀ kì í sábà já àyà mi tó èyí tí mo mọ̀.

Ẹ wo The Black Book tí Editi Effiong ṣe ní 2023. Richard Mofe-Damijo ni díákónì tó ti ṣiṣẹ́ burúkú nígbà kan rí. Àwọn ọlọ́pàá jẹgúdújẹrá purọ́ mọ́ ọmọ ẹ̀, wọ́n sì pa á. Níbẹ̀rẹ̀, mi ò rántí gúgúrú ọwọ́ mi. Ìgbà tí ìbọn wá ń dún léraléra, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wo aago.

To Kill a Monkey ti Kemi Adetiba sàn jùyẹn lọ. Apá mẹ́jọ ni, 2025. William Benson ni Efe tó mọ kọ̀ǹpútà àmọ́ tí ìṣẹ́ ń bá fínra. Bucci Franklin ni Oboz, ọ̀rẹ́ àtijọ́ tó fà á wọ iṣẹ́ jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì. Oboz ti wá sí ṣọ́ọ̀bù mi rí. Irú ẹ̀ ni mò ń sọ o! Á kó fóònù mẹ́ta sórí tábìlì, gíláàsì gbogbo wọn á ti fọ́, á ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ má sọ iye fún mi, ẹ ṣáà ṣe é." Á ra mọ́ọ̀tì fún ọmọ iṣẹ́ mi. Ọmọ yẹn á sì máa wò ó títí á fi dé títì. Bucci Franklin mú kí n fẹ́ràn ẹni tó yẹ kí n sá fún. Ti obìnrin tó ń dọdẹ wọn ni ò wọ̀ mí lára. Apá mẹ́fà ì bá tó.

Èyí tí mo torí ẹ̀ wọ mọ́tò lọ sí Ìbàdàn ni My Father's Shadow, ti Akinola Davies Jr. Ọjọ́ kan péré ni ìtàn náà. Bàbá kan, Sope Dirisu, kó ọmọkùnrin ẹ̀ méjì láti abúlé lọ sí Èkó, ó fẹ́ gba owó oṣù tí wọ́n jẹ ẹ́. Ọdún 1993 ni, gbogbo ìlú ń retí èsì ìbò ààrẹ. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò gan-an làwọn ọmọ náà lóde ayé, ó sì hàn nínú bí wọ́n ṣe ń bá ara wọn jà.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Rédíò bàbá mi ń lo bátìrì mẹ́rin. Bí ohùn ẹ̀ bá ti ń lọọlẹ̀, wọ́n á kó bátìrì sórí páànù kí oòrùn pa á, kó lè tún lágbára díẹ̀ (tí òjò bá jẹ́). Lọ́jọ́ tí ìròyìn dé pé Babangida ti wọ́gi lé ìbò, wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n tú bátìrì, wọ́n tò ó sójú fèrèsé níkọ̀ọ̀kan, wọ́n jáde.

Nínú fíìmù, nígbà tí ojú gbogbo wọn kọ sí tẹlifíṣọ̀n, kò sẹ́ni nínú àwa tó ń wò ó tí kò mọ ohun tí wọ́n máa tó gbọ́. Ìgbà náà ni mo rí i pé mo ti di ọwọ́ ìyàwó mi mú pinpin.

Ilé sinimá náà fẹ́ bà á jẹ́ o. Ohùn fíìmù àwàdà tó wà ní yàrá kejì ń wọlé bá wa. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín lọ́hùn-ún, àwa ń nu ojú. Mo lọ fẹjọ́ sùn. Ọmọbìnrin tó wà níbẹ̀ ní, "Ẹ má bínú, sà," ó bu gúgúrú ọ̀fẹ́ fún mi. Ó ti tutù.

Nígbà tí a padà dé Òṣogbo, mo pe bàbá mi, mo ní ẹ jẹ́ ká jọ lọ wò ó. Wọ́n bi mí pé kí ni wọ́n ń ṣe nínú ẹ̀. Mo ṣàlàyé. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀.

"Mo ti wo ìyẹn," wọ́n ní. "Àwọn ọmọ ńkọ́?"