Àpò Omi fún Báàgì Kámẹ́rà: Èyí Tí Mo Rà, Èyí Tí Mo Dá Padà

Ẹnu àpò omi ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, kí ẹ tó béèrè iye lítà tó ń gbà. Mo mọ̀ pé lítà ni wọ́n máa ń kọ gàdàgbà sára páálí rẹ̀, òun náà sì ni àwọn tá a jọ ń ya fọ́tò máa ń kọ́kọ́ bi mí. Ṣùgbọ́n kámẹ́rà ni omi yìí ń bá gbé inú báàgì kan náà o. Bí omi ṣe ń wọlé, bó ṣe ń jáde, bí ẹnu àpò náà ṣe ń dé, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Fún ẹni tí kò tíì rí i rí: àpò rọ́bà pẹlẹbẹ kan ni, tí wọ́n ń tì bọ ẹ̀yìn báàgì àgbékọ́. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde lára rẹ̀, ó gba orí èjìká wá síwájú, nǹkan kan sì wà lẹ́nu rẹ̀ tí ẹ máa fi eyín tẹ̀ kí omi tó jáde. Ọwọ́ yín ò ní kàn án. Àwọn ọmọ Bẹẹrẹ, n'Ìbàdàn níbí, máa ń pariwo tẹ̀ lé mi pé, "Àǹtí onífọ́tò, ta ló so dríìpù mọ́ yín lára?" Wọn ò mọ̀ pé òótọ́ ni wọ́n ń sọ. Ní 1989, Michael Eidson, ọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ ìtọ́jú pàjáwìrì ní Amẹ́ríkà, fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ sáré ìje nínú ooru Texas. Ó rọ omi sínú àpò dríìpù, ó tì í bọ inú ìbọ̀sẹ̀ gígùn, ó so ó mọ́ ẹ̀yìn ẹ̀wù rẹ̀, ó sì fa rọ́bà rẹ̀ gba èjìká. Ibẹ̀ ni CamelBak, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe irú àpò omi yìí, ti bẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, tí wọ́n bá pè é ní dríìpù, mo kàn máa ń rẹ́rìn-ín ni.

Ẹ lè ní Ìbàdàn kì í ṣe aṣálẹ̀, kò sí ìkóríta tí wọn kì í ti ta píọ̀ wọ́tà. Bẹ́ẹ̀ ni, bí ọwọ́ yín bá ṣófo. Lásìkò ọdún Egúngún, tí èrò bá ń ti ara wọn láti Ọjà'ba gòkè lọ sí Mápó, tí pàṣán ń ró lápá kan, tí ìlù ń ké lápá kejì, ọwọ́ mi kan wà lára kámẹ́rà, ìkejì ń ṣọ́ báàgì. (Obìnrin ni mí. Ọjọ́ tí Olóòlù, egúngún tí obìnrin kò gbọdọ̀ rí, bá jáde, ilé lèmi àti kámẹ́rà mi máa ń wà, ẹ má bi mí ní fọ́tò rẹ̀.) Ta ló fẹ́ máa fi eyín ya ọ̀rá omi láàárín irú èrò bẹ́ẹ̀, kí ẹnì kan wá gbá a nígbọ̀nwọ́, kí omi tú sórí lẹ́ńsì?

Ibòmíràn tó ti wúlò fún mi gan-an ni igbó IITA, ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn tó wà lọ́nà Ọ̀yọ́. Ẹyẹ kan wà tí wọ́n fi orúkọ ìlú wa pè, Ibadan Malimbe. Dúdú ni, orí àti àyà rẹ̀ pọ́n, gúúsù ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà yìí nìkan ló sì ń gbé ní gbogbo ayé. Àwọn tó ń wá a kiri máa ń dúró sójú kan títí ẹsẹ̀ á fi kú. Tí ẹ bá rún ọ̀rá píọ̀ wọ́tà lábẹ́ igi níbẹ̀, gbogbo ohun tó ní ìyẹ́ á gbọ́. Àpò omi náà lè pariwo o, tí afẹ́fẹ́ bá kù sínú rẹ̀, omi á máa dún gbọ̀lọ̀-gbọ̀lọ̀ lẹ́yìn yín bí ẹ ṣe ń rìn. Oògùn rẹ̀ ò le: tí ẹ bá ti rọ omi tán tí ẹ sì ti dé e, ẹ dorí rẹ̀ kodò, ẹ fi ẹnu fa afẹ́fẹ́ tó wà nínú rẹ̀ jáde láti ẹnu rọ́bà títí omi á fi dé ẹnu yín. Kò tún ní dún mọ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sórí àwọn tí mo lò.

Àkọ́kọ́ kò ní orúkọ lára rárá, ọ̀kan nínú àwọn tó ń wọlé láti ìlú òkèèrè tí owó wọn máa ń dùn mọ́ni. Ẹnu rẹ̀ jẹ́ ti ìdérí yíyí, kékeré, ọwọ́ mi ò lè wọ inú rẹ̀. Òórùn rọ́bà rẹ̀ ò lọ bí mo ṣe fọ̀ ọ́ tó. N kì í sì í gbé ohun tó ní omi nínú sún mọ́ kámẹ́rà láìdán an wò: mo rọ omi kún un, mo tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀, mo gbé e lé e, mo wá gbé àpò gààrì kan lé e lórí mọ́jú. Láàárọ̀, ìwé ìròyìn ti rẹ. Kì í ṣe ẹnu ló ń jò, oríkèé tí rọ́bà ti wọ ara àpò ni, níbi tí ojú ò tó. Mo dá a padà fún ẹni tó tà á. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ìdánwò yìí, ẹ̀bá à ra èyí tó lórúkọ jù.

Èkejì, CamelBak Crux onílítà 2, mo yá a lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n kan tá a jọ ń ṣiṣẹ́. Nǹkan gidi ni. Ìdérí rẹ̀ fẹ̀, ó ní ìmú tí ẹ lè dì mú pẹ̀lú ọwọ́ kan kí ẹ máa fi ìkejì rọ omi sí i, omi rẹ̀ sì ń ya jáde ní ẹnu, kò sí pé ẹ̀ ń fà á títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ á fi dùn yín. Ẹni tó ń gun òkè tàbí tó ń gun kẹ̀kẹ́, kó rà á. Àmọ́ ìdérí ńlá yẹn máa ń yọ jáde bíi gegele. Nínú báàgì arìnrìn-àjò, kò sí wàhálà. Nínú báàgì kámẹ́rà mi, tí àyè omi rẹ̀ ò ju àyè láptọ́ọ̀pù lọ, ìdérí náà ń tì mí lẹ́yìn níhìn-ín, ó ń ti ògiri fóòmù tí lẹ́ńsì wà lẹ́yìn rẹ̀ lọ́hùn-ún.

Èyí tí mo wá fi owó ara mi rà ni HydraPak Shape-Shift, onílítà 2. Èyí ò ní ìdérí yíyí rárá. Gbogbo orí rẹ̀ ló ṣí sílẹ̀. Ẹ máa ká a, ẹ wá ti ọ̀pá rọ́bà kan bọ̀ ọ́ láti ẹ̀gbẹ́, ó parí. Ó tẹ́ pẹrẹsẹ. Píọ̀ wọ́tà mẹ́rin, onísẹ̀ǹtílítà 50 ọ̀kọ̀ọ̀kan, ló kún un, bí ẹnu rẹ̀ sì ṣe fẹ̀ tó, ìkán kan kì í dà sílẹ̀ tí mo bá ń rọ ọ́. Ohun tó mú kí n fẹ́ràn rẹ̀ jù ni pé ẹ lè yí inú rẹ̀ síta pátá bí ẹni ń yí àpò ṣòkòtò, kí ẹ fọ̀ ọ́, kí ẹ sì nù ún gbẹ. Rọ́bà rẹ̀ náà ń yọ kúrò lára àpò: ẹ tẹ bọ́tìnnì kékeré kan, ó já, ojú ibẹ̀ sì dé fúnra rẹ̀, kò ní jò. Èyí ṣe pàtàkì ju bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lọ. Tí omi bá tán lójú ọ̀nà, ẹ ò ní máa tú rọ́bà kúrò ní èjìká báàgì kí ẹ tó fa àpò yọ. Àwọn tó ń ra àpò omi ti ilé iṣẹ́ Osprey, ẹ mọ̀ pé HydraPak yìí náà ló ń bá wọn ṣe é, kò yani lẹ́nu pé ẹnu wọn jọra.

Kí ẹ tó rà á, ẹ wo bí báàgì yín ṣe ń ṣí. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ẹ̀yìn ni wọ́n ti ń ṣí, apá tó ń kan ara, nítorí olè. Mo fẹ́ràn wọn ní Dùgbẹ̀ àti ní Gbági. Ṣùgbọ́n bí àyè omi bá wà lára ilẹ̀kùn ẹ̀yìn yẹn, gbogbo ìgbà tí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ lẹ́ńsì ni ẹ máa gbé omi kìlógíráàmù 2 sí ẹ̀gbẹ́ kan. Èyí tó ń ṣí láti ẹ̀gbẹ́ ló bá omi mu jù. Lowepro Photo Sport jẹ́ ọ̀kan, ó sì ní àyè omi tirẹ̀ lọ́tọ̀ sí ti kámẹ́rà. Èyíkéyìí tí ẹ bá ní, omi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kó sí i, kí ẹ tó to lẹ́ńsì. Àpò tó kún ò ṣeé tì bọ ibi tí nǹkan ti kún.

Ní ti ìwúwo, lítà omi kan, kìlógíráàmù kan. Lẹ́ńsì 70-200mm tí mò ń kùn sí pé ó ń dá mi léjìká ò wúwo tó omi lítà 2. Ìyẹn ni n kì í fi í rọ ọ́ kún tí mo bá ń lọ sí Láyípo, ilé gogoro orí Òkè Ààrẹ, tí mo mọ̀ pé àtẹ̀gùn ń dúró dè mí. Ẹ má sì ra onílítà 3 torí pé owó díẹ̀ ló fi ju ti 2 lọ.

Omi tó dì bíi yìnyín kọ́ ni kí ẹ rọ sí i. Tí omi bá tutù jù, ara àpò náà á làágùn nínú ooru wa yìí, òógùn yẹn á sì wọ inú fóòmù. Fóòmù tó tutù lẹ́bàá lẹ́ńsì, ẹ̀yin náà ẹ mọ ohun tó ń bí: dígí lẹ́ńsì á bu. Omi tó tutù díẹ̀ tó, mo sì máa ń fi aṣọ ìnura tín-ínrín wé e.

Ibi tí mo ti rí i tí kámẹ́rà ń fara gba omi jù kì í ṣe inú báàgì rárá. Àyà ni. Ẹnu rọ́bà ń kán tó tó lé ihò tí ẹ ń fojú wò lẹ́yìn kámẹ́rà tó fi ọrùn rọ̀. Apá òsì ni mo ń fa rọ́bà gbà, kámẹ́rà wà lápá ọ̀tún. Ẹ ra èyí tó ní ohun tí ẹ lè yí láti ti omi pa, kí ẹ sì máa tì í. Nígbà ọyẹ́, ẹ wá nǹkan bo ẹnu rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, eruku lẹ máa mu. Àwọn kan bi mí bóyá irin òòfà tó ń di rọ́bà mú láyà máa pa fọ́tò inú káàdì SD. Kò lè pa á. Káàdì báńkì tó ní ìlà dúdú lẹ́yìn ni kí ẹ gbé jìnnà sí i.

Omi lásán ni kí ẹ máa rọ sí i. Kì í ṣe sóbò, kì í ṣe ọtí ẹlẹ́rìndòdò, nítorí ṣúgà á jẹ́ kí ó bu. Lásìkò òjò, ọjọ́ méjì péré tó fi wà ní títì pẹ̀lú omi díẹ̀ ti tó kí dúdú-dúdú máa hù nínú rọ́bà. Àwọn òyìnbó a ní kẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀ sínú fírísà. Ìmọ̀ràn tó dáa ni fún ẹni tí iná rẹ̀ kì í lọ. Tèmi, mo ń fi baking soda àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ fọ̀ ọ́, mo fi búrọ́ọ̀ṣì gígùn gba inú rọ́bà, mo yí inú rẹ̀ síta, mo sá a sórí okùn níbi tí oòrùn ò ti le jù. Ẹ sì ra ẹnu tí wọ́n ń fi eyín tẹ̀ yẹn kan sí ìpamọ́; òun ló máa ń ya kí ohun mìíràn tó bàjẹ́.

N kì í gbé e lọ sí òwàm̀bẹ̀. Omi wà lórí gbogbo tábìlì, ìyá ìyàwó ò sì ní gbà kí ẹni tó gbé dríìpù kọ́rùn máa dúró nínú fọ́tò ẹlẹ́yìn-ìyàwó.

Bí báàgì yín ò bá ní àyè omi tó dá dúró, tó jẹ́ pé inú ibi tí kámẹ́rà wà gan-an ni ẹ fẹ́ tì í sí, ẹ fi owó yín ra ìgò olómi kan, kí ẹ tì í bọ àpò ẹ̀gbẹ́ níta. Mi ò ní gba ẹnikẹ́ni níyànjú àpò omi kankan fún irú báàgì bẹ́ẹ̀, títí kan èyí tí mò ń yìn láti ẹ̀ẹ̀kan.