GitHub Pages fún ìkànnì ara ẹni lédè Yorùbá: ọ̀fẹ́ ni, ọ̀dọ̀ bíráwúsà ni iṣẹ́ wà

Orí GitHub Pages, ètò GitHub tó ń gbé ojú ewé èèyàn sórí ayélujára, ni ìkànnì tí mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí wà: ojú ewé mẹ́fà, àwòrán díẹ̀, Yorùbá ni gbogbo ọ̀rọ̀ inú rẹ̀. Ògbómọ̀ṣọ́ ni èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tó ń kà á wà, láti Under G títí dé Takie, fóònù ni wọ́n sì fi ń kà á, kì í ṣe kọ̀ǹpútà. Fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, mo fọwọ́ sí GitHub Pages láìṣiyèméjì. Kò gba kọ́bọ̀, kì í lẹ ìpolówó mọ́ ojú ewé èèyàn, kò sì ṣòroó lò. Ọ̀dọ̀ bíráwúsà ni àkókò yín máa lọ sí, nítorí ojú ewé kan náà kì í rí bákan náà nínú Opera Mini, Chrome àti Safari, àmì ohùn orí ọ̀rọ̀ wa sì tún ní wàhálà tirẹ̀.

Ẹ ṣí àkáǹtì lórí GitHub, ẹ dá repository tuntun (àpò tí fáìlì ìkànnì yín máa wà nínú rẹ̀) sílẹ̀, kí ẹ sì fún un ní orúkọ tí ẹ fi ń wọlé, pẹ̀lú .github.io lẹ́yìn rẹ̀. Orúkọ yẹn náà ni yóò jẹ́ àdírẹ́sì ìkànnì yín. Public ni kẹ́ ẹ yàn, torí àkáǹtì ọ̀fẹ́ kì í gbé ojú ewé jáde láti inú repository tó wà ní Private. Ẹ tẹ Add file, kí ẹ tẹ Upload files, kí ẹ gbé index.html (ojú ewé àkọ́kọ́) àti àwọn fáìlì yòókù wọlé, kí ẹ wá tẹ Commit changes. Lẹ́yìn náà, ẹ lọ sí Settings, sí abẹ́ Pages, kí ẹ wò ó bóyá ẹ̀ka main (ibi tí fáìlì yín wà nínú repository) ló wà níbẹ̀. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló máa gbà kí ojú ewé tó jáde, https sì ti wà lórí rẹ̀.

Ààyè tó wà níbẹ̀ tó ìkànnì ara ẹni, ó tún ṣẹ́ kù: 1GB fún ìkànnì lódindi, 100GB dátà tí àwọn òǹkàwé lè fà lóṣù kan, fáìlì kan tí a bá gbé wọlé láti ojú bíráwúsà kò sì gbọdọ̀ ju 25MB lọ. Ohun tí kò sí níbẹ̀ ni PHP àti database, ìyẹn ètò tó lè gba ọ̀rọ̀ òǹkàwé àti ibi tí wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí. Bí ẹ bá fẹ́ kí èèyàn lè kọ̀wé sí yín, lìǹkì wa.me tó máa ṣí WhatsApp ló rọrùn jù.

Ẹ ṣọ́ra fún lẹ́tà ńlá àti lẹ́tà kékeré nínú orúkọ fáìlì. Lójú Windows, Oja.JPG àti oja.jpg ò yàtọ̀ síra; lójú sáfà GitHub, kọ̀ǹpútà tó ń gbé ìkànnì jáde, fáìlì méjì ni wọ́n. Ìdí nìyẹn tí àwòrán fi lè hàn lórí kọ̀ǹpútà yín, kó sì di àlàfo nígbà tó bá dé orí ayélujára. Fódà tí orúkọ rẹ̀ bá fi ilà ìsàlẹ̀ (_) bẹ̀rẹ̀ kì í jáde rárá, torí Jekyll, ètò tó ń to ojú ewé níbẹ̀, máa ń fò ó. Ẹ dá fáìlì òfìfo kan tó ń jẹ́ .nojekyll sílẹ̀, ọ̀rọ̀ ti tán. Bíráwúsà tún lè di CSS (fáìlì tó ń sọ ìrísí ojú ewé) àtijọ́ mú fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn tí ẹ ti tún un ṣe. Kí ẹ má baà máa tún ohun tó ti dára ṣe, ẹ pè é ní style.css?v=2 nínú HTML (fáìlì tó gbé ọ̀rọ̀ ojú ewé dání), bíráwúsà á kà á sí fáìlì tuntun.

Ọ̀rọ̀ lẹ́tà Yorùbá ló yẹ ká jókòó tì. meta charset="utf-8" (ó ń sọ bí bíráwúsà yóò ṣe ka lẹ́tà) ni kó ṣáájú gbogbo ohun tó wà nínú head, apá òkè HTML. Bí kò bá sí níbẹ̀, “ẹ” lè di “áº¹”. GitHub fúnra rẹ̀ máa ń sọ fún bíráwúsà pé UTF-8 ni ojú ewé náà, nítorí náà àṣìṣe yìí lè fara pamọ́ lórí ayélujára, kó wá yọjú nígbà tí ẹnì kan bá fi Xender gba fáìlì náà tó sì ṣí i láti inú fóònù. Ẹ má gbàgbé lang="yo" lára html; òun ló ń sọ irú èdè tó wà lójú ewé fún bíráwúsà àti fún ètò tó ń ka ọ̀rọ̀ sétí ẹni tí kò ríran.

Lẹ́tà ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn nínú Unicode, àkójọ nọ́ńbà fún lẹ́tà oríṣiríṣi èdè: U+1EB9, U+1ECD àti U+1E63. Ẹ́ àti ọ̀ kò ní. Lẹ́tà kan ni, tí àmì kan tẹ̀ lé e (U+0301 tàbí U+0300), fọ́ǹtì ló sì gbọ́dọ̀ mọ bí yóò ṣe gbé àmì yẹn lé orí lẹ́tà. Fọ́ǹtì tí kò bá mọ̀ ọ́n ṣe á gbé àmì sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kí bíráwúsà lọ yá lẹ́tà láti inú fọ́ǹtì mìíràn, kí ọ̀rọ̀ kan wá ní ìrísí méjì. Orúkọ ìlú wa gan-an ni ìdánwò tó dára jù: Ògbómọ̀ṣọ́. Ò àti ó inú rẹ̀ jẹ́ lẹ́tà alódindi, ọ̀ àti ọ́ jẹ́ àlẹ̀pọ̀, ṣ sì wà láàárín wọn. Fọ́ǹtì tó bá kọ ọ́ láìṣàṣìṣe, ẹ lè gbára lé e.

Bí ẹ bá pe fọ́ǹtì láti Google Fonts, Noto Sans fún àpẹẹrẹ, wọ́n ti gé e sí fáìlì kéékèèké. Lẹ́tà lásán wà nínú èyí tí wọ́n pè ní latin. Ṣ àti ǹ wà nínú latin-ext. Ẹ, ọ àti àmì tó ń lọ sórí wọn wà nínú èyí tí wọ́n ṣe fún èdè Vietnam, torí èdè náà ń lò wọ́n. Ògbómọ̀ṣọ́ nìkan ṣoṣo á fa fáìlì mẹ́ta, dátà òǹkàwé ló sì ń jẹ. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ fi fọ́ǹtì àpèwá sílẹ̀, kí ẹ kọ font-family: system-ui, sans-serif. Fọ́ǹtì tó bá Android wá ń kọ Yorùbá dáadáa. Bí ẹ kò bá lè ṣe é bẹ́ẹ̀, ẹ gbé fáìlì fọ́ǹtì woff2 kan tó ní gbogbo lẹ́tà wa sínú fódà yín, kí ẹ fi font-display: swap sí i, kí ọ̀rọ̀ lè máa hàn kí fọ́ǹtì tó dé.

Àkọlé tí line-height (gíga ìlà) rẹ̀ jẹ́ 1.1 lè gé orí Ọ́ àti Ẹ̀ bí overflow: hidden (tó ń fi ohun tó bá yọ síta pamọ́) bá wà lára àpótí rẹ̀. 1.6 ni mo fi sí ọ̀rọ̀ lásán, 1.4 sí àkọlé. Bí ìkànnì yín bá ní àpótí ìwákiri, ẹ fi normalize('NFC'), tó ń sọ lẹ́tà di irú kan náà, sí ohun tí òǹkàwé tẹ̀ àti ohun tí ẹ̀ ń wá, nítorí kíbọ́ọ̀dù kan lè tẹ ọ̀ ní ege méjì, kí òmíràn tẹ̀ ẹ́ ní mẹ́ta. Ojú kò ní mọ̀ wọ́n yàtọ̀, JavaScript, èdè tó ń mú ojú ewé ṣiṣẹ́, á mọ̀.

Ó wá ku bíráwúsà fúnra wọn. Nínú Opera Mini, bí ètò tó ń dín dátà kù nínú rẹ̀ bá wà ní Extreme, ojú ewé kì í wá tààrà. Sáfà Opera ló ń ṣí i, tó ń fún un pọ̀, tó sì ń fi èyí tó fúyẹ́ ránṣẹ́ sí fóònù. Fọ́ǹtì tí ẹ yàn kì í dé ọ̀dọ̀ òǹkàwé. Orí sáfà náà ni JavaScript ti ń ṣiṣẹ́, fún ìgbà díẹ̀, nítorí náà mẹ́nù tó ń fi JavaScript ṣí gbọ́dọ̀ padà lọ sí sáfà ní gbogbo ìgbà tí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́. Ẹ to mẹ́nù sílẹ̀ ní lìǹkì gbalasa, kí ojú ewé ṣe é kà bí JavaScript ò bá tilẹ̀ sí.

Chrome kò ní ẹ̀dà tuntun mọ́ fún Android 7 lẹ́yìn 119, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ti pa àtúnṣe Play Store kí dátà wọn má baà tán. CSS nesting (kíkọ òfin CSS kan sínú òmíràn) wọ Chrome, Safari àti Firefox ní 2023. Lórí fóònù tí kò tíì gbà á, gbogbo òfin tí ẹ kọ sínú òmíràn ló máa ṣòfò. Ẹ kọ ọ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. iPhone 6 tòkunbọ̀ kò kọjá iOS 12: kò mọ WebP (irú àwòrán tó fúyẹ́), kò mọ gap (àlàfo) nínú flex (ètò títo nǹkan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn). Ẹ fi picture gbé WebP pẹ̀lú JPEG, kí ẹ sì lo margin dípò gap. Fífi Chrome sórí iPhone bẹ́ẹ̀ kò yí nǹkan kan padà, torí WebKit kan náà, ẹ̀rọ tó ń ṣí ojú ewé nínú Safari, ló wà nínú rẹ̀. Lórí iPhone náà, ohun tí gíga rẹ̀ jẹ́ 100vh (gíga ojú fóònù lódindi) máa ń wọ abẹ́ ibi tí àdírẹ́sì wà. Ẹ kọ min-height: 100vh, kí ẹ kọ min-height: 100dvh sábẹ́ rẹ̀, bíráwúsà tí kò bá mọ èkejì á fò ó. CSS ló ń gba irú ìyẹn o. JavaScript kì í gbà á: àmì ?. kan ṣoṣo tí bíráwúsà àtijọ́ kò mọ̀ á pa gbogbo fáìlì náà. Lẹ́tà inú àpótí ìkọ̀wé kò sì gbọdọ̀ kéré sí 16px, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ Safari á fa ojú ewé tóbi ní gbàrà tí èèyàn bá tẹ̀ ẹ́.

Ẹ má fi ìrísí fóònù tó wà nínú DevTools Chrome (irinṣẹ́ ìdánwò inú bíráwúsà) tan ara yín. Ìwọ̀n ojú ewé ló ń yí padà. Chrome náà ṣì ni. Fóònù Android kan tó ní Chrome, Firefox àti Opera Mini á ṣe púpọ̀ nínú ìdánwò, iPhone tí ẹ bá yá fún ìdajì wákàtí á ṣe ìyókù. Bí kò bá sí iPhone, GNOME Web lórí Linux ń lo WebKit, ó sì sún mọ́ Safari ju Chrome lọ. Kí ẹ tó lo ohun tuntun kankan nínú CSS, ẹ wá a lórí caniuse.com, tó ń sọ bíráwúsà tó mọ̀ ọ́n.

Orúkọ ìkànnì tiyín, bíi .com.ng, nìkan lẹ máa sanwó fún bí ẹ bá fẹ́ ẹ. Ẹ kọ ọ́ sí Custom domain nínú Settings, kí ẹ sì fi A record (àkọsílẹ̀ tó ń tọ́ka orúkọ sí sáfà) mẹ́rin sọ́dọ̀ ẹni tó tà á fún yín: 185.199.108.153, 185.199.109.153, 185.199.110.153 àti 185.199.111.153. Ó lè tó wákàtí 24 kó tó ràn káàkiri ayélujára. Nígbà tó bá ràn, ẹ padà lọ tẹ Enforce HTTPS.