Rọ́bà alábọ́ọ̀lù tó ń fa dísù àti họ́ọ̀sì tó mọ́ gaara: òun ló bá mi rí àìsàn lódà mi

Ó ti pẹ́ tí mo ti fẹ́ kọ nípa nǹkan yìí, mo kàn ní kí n lò ó dáadáa ná. Rọ́bà tó rí bíi bọ́ọ̀lù yẹn ni o, èyí tí wọ́n máa ń fọwọ́ tẹ̀ kó lè fa epo látinú táńkì, àwọn tó ń lo ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi mọ̀ ọ́n dáadáa. Èyí tí mo rà ní họ́ọ̀sì tó mọ́ gaara lápá méjèèjì, téèyàn ń rí gbogbo ohun tó ń gba inú ẹ̀ kọjá, kílíìpù mẹ́rin sì bá a wá. Tẹ́ ẹ bá ní lódà kékeré (ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń kó iyẹ̀pẹ̀) tó ń jẹ dísù, tó máa ń dédé kọ̀ tí ò ní sítáàtì, ẹ bá mi kà á dópin.

Lódà tèmi, mo lò ó di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kò ṣe mí ní nǹkan kan, mo pa á, ilẹ̀ mọ́ mo kíkì í títí, ẹ́ńjìnnì ń yí fíì, kò dá mi lóhùn. Bátìrì lágbára. Ẹnu sàléńsà ni mo kọ́kọ́ wò torí ibẹ̀ lèèyàn ti máa ń mọ̀: tí èéfín funfun bá ń jáde bẹ́ ẹ ṣe ń kíkì, dísù ń dé inú ẹ́ńjìnnì, kò kàn gbiná ni, ẹ lọ wo glow plug (irin kékeré tó ń mú inú ẹ́ńjìnnì gbóná kí dísù lè gbiná). Àmọ́ tí ò bá sí èéfín rárá, dísù ò dé ibẹ̀ nìyẹn. Tèmi ò rú èéfín kankan.

Mẹkáníìkì tí mo pè wò ó fìrí, ó ní pọ́ǹpù ńlá tó ń tì dísù sí nọ́sù (ẹnu tó ń tu dísù sínú ẹ́ńjìnnì) ti kú, ká tú u ká gbé e lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń dùn mí. Pọ́ǹpù yẹn wà lára ohun tó wọ́n jù lórí ẹ́ńjìnnì dísù, òun ló sì yẹ kéèyàn fura sí gbẹ̀yìn, kò tiẹ̀ tú síkírúù kan wò kó tó dá a lẹ́jọ́! Mo ní kó jẹ́ n wò ó ná. Mo ṣí kọ́kọ́rọ́, mo gbọ́ tí sólẹ́nọ́ìdì tó ń ṣílẹ̀kùn fún epo dún kọ̀ (tí tiyín ò bá dún, ẹ yẹ fúùsì àti wáyà ẹ̀ wò, bóyá iná bátìrì ń dé ibẹ̀). Mo ṣí ìdérí táńkì sílẹ̀ torí pé tí ihò tó ń mí lára ẹ̀ bá dí, dísù ò ní lè wá, ìyẹn náà kọ́.

Ibí ni rọ́bà yìí ti wúlò. Mo bu dísù tuntun sínú kẹ́ẹ̀gì tó mọ́, mo ki ẹnu họ́ọ̀sì kan bọ̀ ọ́, mo so ẹnu kejì mọ́ ibi tí epo ń gbà wọ fítà (asẹ́ tó ń sẹ́ dísù kó tó dé pọ́ǹpù), mo wá ń tẹ̀ ẹ́. Mo tú síkírúù tí wọ́n fi ń yọ afẹ́fẹ́ lórí fítà díẹ̀, ó ń hó yẹ̀ẹ̀, nígbà tó di dísù nìkan ló ń jáde mo dì í, mo ṣe ti pọ́ǹpù náà bẹ́ẹ̀ títí bọ́ọ̀lù fi le lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn náà mo dẹ nọ́ọ̀tì orí páìpù nọ́sù, ẹnì kan ń bá mi kíkì í, kì í ju ìṣẹ́jú àáyá 10 sí 15 lọ lẹ́ẹ̀kan ká tó jẹ́ kí kíkì sinmi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbọ́wọ́ síbẹ̀ o! Agbára tí nọ́sù fi ń tu dísù ju 100 bar lọ, ó lè gba awọ ara wọlé, ilé ìwòsàn kíákíá nìyẹn. Ẹ má sì fín ether (èyí tí wọ́n máa ń fín kí ẹ́ńjìnnì lè tètè sítáàtì) sínú ẹ́ńjìnnì tó ní glow plug, ó lè bú gbàù.

Dísù yọ lẹ́nu nọ́ọ̀tì, mo dì í, ẹ́ńjìnnì sítáàtì! Pọ́ǹpù tí wọ́n ní ó ti kú yẹn náà ni o. Ó já sí pé láàárín táńkì sí fítà ni wàhálà wà.

Mo wá yọ kẹ́ẹ̀gì, mo so họ́ọ̀sì tó mọ́ gaara yẹn mọ́ ọ̀nà tó ń bọ̀ láti táńkì, mo jẹ́ kó ṣiṣẹ́, ni mo bá rí i tí ìfófòó ń tẹ̀ léra wọn lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ohun tó ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ nìyẹn, wọ́n máa ń wá ibi tí dísù ti ń jò sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ níbi tí pọ́ǹpù ti ń fà, dísù lè má kán rárá, afẹ́fẹ́ ló ń wọlé, tẹ́ ẹ bá wá pa á mọ́jú, dísù á padà sí táńkì. Mo ń tọ họ́ọ̀sì lọ, àfi lábẹ́ kílíìpù ìdí táńkì, rọ́bà ibẹ̀ ti gan, ó ti là, téèyàn ò bá tẹ̀ ẹ́ kò lè rí i. Mo pààrọ̀ ẹ̀. Asẹ́ inú táńkì náà ní nǹkan dúdú tó ń yọ̀, omi tó wà nísàlẹ̀ dísù ló ń fa ìyẹn, àwọn kòkòrò àìfojúrí ló ń hù níbẹ̀, mo fọ̀ ọ́, mo da omi inú fítà nù.

Àlébù ẹ̀ wá ńkọ́? Kílíìpù tó bá a wá ò dáa rárá, ó ń gé rọ́bà, ẹ wá tiyín. Ọfà ara bọ́ọ̀lù ò hàn dáadáa, bẹ́ẹ̀ ó gbọ́dọ̀ kọjú síbi tí epo ń lọ, ẹ sì nà án sókè tẹ́ ẹ bá ń tẹ̀ ẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kò ní fà. Inú họ́ọ̀sì tèmi fẹ̀ tó 8 mm, ẹ wọn tiyín kẹ́ ẹ tó rà. Àwọn kan máa ń fi í sílẹ̀ sára ẹ́ńjìnnì, èmi ò fara mọ́ ọn, ooru á bà á jẹ́, họ́ọ̀sì mímọ́ yẹn sì máa ń pọ́n, á gan, lẹ́yìn tó bá ti mu dísù pẹ́. Inú àpótí irinṣẹ́ ni tèmi ń gbé.

Nínú 5 mo fún un ní 4, kílíìpù yẹn ló gba 1 tó kù.