Wíwo àwọn ọ̀dọ́ Arsenal láti ẹ̀gbẹ́ pápá

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń da ilé láàmú nítorí bọ́ọ̀lù ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, ẹ̀yin ni mo kọ àgbéyẹ̀wò yìí fún. Ẹ má tíì náwó sí Emirates, pápá ńlá ti ikọ̀ àgbà Arsenal. Ẹ mú ọmọ lọ sí Meadow Park ní Borehamwood, níbi tí ikọ̀ Arsenal ti àwọn ọ̀dọ́ abẹ́ ọdún 21 ti ń gbá ọ̀pọ̀ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ilé wọn. Ọkọ̀ ojú irin Thameslink là ń wọ̀ lọ, Elstree & Borehamwood la ti ń bọ́ sílẹ̀, ẹsẹ̀ ló kù. Owó ìwọlé kò wọ́n, èrò kì í pọ̀, ẹ ó sì sún mọ́ ìlà pápá gan-an. Ẹ ṣáà wọ aṣọ òtútù.

Ìsúnmọ́ yìí ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi dá lé. Ní pápá ńlá, ariwo èèyàn 60,000 máa ń bo ohun tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ń bá ara wọn sọ. Ní Borehamwood, ẹ ó gbọ́ tí aṣọ́lé ń pe àwọn ará ẹ̀yìn lórúkọ, tó ń ní kí wọ́n gòkè, kí wọ́n má fàyè sílẹ̀. Ọmọkùnrin mi ń gbá ẹ̀gbẹ́ òsì ní kíláàbù àdúgbò wa. Bọ́ọ̀lù nìkan ló máa ń fojú bá lọ tẹ́lẹ̀. Mo ní kó mú ẹnì kan ṣoṣo lára àwọn ọmọ Arsenal, kó máa wò ó títí ìdajì àkọ́kọ́ á fi parí, bọ́ọ̀lù ì báà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ tàbí kó má sí níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n wọlé lọ sinmi, òun ló ń ṣàlàyé fún mi pé kí bọ́ọ̀lù tó dé, ọmọ yẹn ti bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀mejì, ó sì ti yí ara sí ibi tó fẹ́ gbé e gbà. Kóòṣì rẹ̀ ti sọ ọ̀rọ̀ yìí fún un títí ẹnu fi ń bó o. Ìgbà tó fojú ara rẹ̀ rí i ló tó gbà á gbọ́.

Àwa Yorùbá tún ní ìdí mìíràn. Bukayo Saka, tí àwọn òbí rẹ̀ ti Nàìjíríà wá, kò ju ọmọ ọdún 7 lọ nígbà tó wọ Hale End, ọgbà tí Arsenal ti ń tọ́ àwọn ọmọ kéékèèké ní Walthamstow. Ọjọ́ 29 oṣù kọkànlá ọdún 2018 ló kọ́kọ́ wọlé fún ikọ̀ àgbà, pẹ̀lú Vorskla Poltava, ní Kyiv. A* 4 àti A 3 ló gbà nínú GCSE, ìdánwò ilé ẹ̀kọ́ gíga níbí, tí A* sì ni máàkì tó ga jù nígbà náà. Mo máa ń tẹnu mọ́ èyí nílé, nítorí ìwé kò dí ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́wọ́.

Ohun tí kò ní tẹ́ àwọn kan lọ́rùn ni pé ikọ̀ yìí kì í dúró lójú kan. Ẹni tí ẹ torí rẹ̀ wọkọ̀ lè ti wà lọ́dọ̀ Mikel Arteta, kóòṣì ikọ̀ àgbà, lórí ìjókòó àwọn tó ń dúró de ìpààrọ̀. Ọmọ ọdún 15 àti ọjọ́ 181 ni Ethan Nwaneri nígbà tó wọlé pàdé Brentford lọ́dún 2022. Premier League kò tíì rí ẹni tó kéré jù ú lọ. Chido Obi gbá góòlù 10 sáwọ̀n Liverpool nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ abẹ́ ọdún 16 kan lọ́dún 2023. Kí ọdún 2024 tó parí, ó ti di ti Manchester United.

Ẹni tó bá ń wá ife ẹ̀yẹ náà yóò ní láti ṣe sùúrù. Arsenal ti gba FA Youth Cup, ife àwọn ọ̀dọ́ abẹ́ ọdún 18, lẹ́ẹ̀meje, ṣùgbọ́n 2009 ni ìkẹyìn. Mo wà ní Emirates lóṣù kẹrin ọdún 2023 nígbà tí West Ham nà wọ́n 5-1 nínú àṣekágbá. Ó dùn mí wọra, pàápàá nítorí bí Michal Rosiak ṣe gbá góòlù tó lé Manchester City lọ ní ìparí àfikún àkókò kí wọ́n tó débẹ̀. Síbẹ̀, Nwaneri àti Myles Lewis-Skelly wà lára àwọn tí wọ́n nà lálẹ́ ọjọ́ yẹn. Ní oṣù kẹrin ọdún 2025, Lewis-Skelly, ọmọ ọdún 18, ló ń ṣọ́ ẹ̀yìn òsì nígbà tí Arsenal lọ na Real Madrid 2-1 ní Bernabéu. Nítorí náà n kì í fi iye góòlù díwọ̀n ikọ̀ yìí mọ́. Bóyá ọmọ tí wọ́n gba bọ́ọ̀lù mọ́ lẹ́sẹ̀ tún ń béèrè fún un ni mo máa ń wò.

Tí ẹ bá fẹ́ rí wọn níbi tó ti le, ẹ wá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ EFL Trophy. Ibẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ yìí ti ń bá àwọn àgbàlagbà League One àti League Two, ìpele kẹta àti ìkẹrin bọ́ọ̀lù England, wọ̀yá ìjà nílé wọn, àwọn tó ń fi bọ́ọ̀lù san owó ilé. Ẹ ó rí ọmọ tó ń fẹsẹ̀ dárà ní Borehamwood tí wọ́n fi èjìká ti ṣubú lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ ó sì mọ ẹni tó máa dìde.

Ẹ wo ìkànnì Arsenal láàárọ̀ ọjọ́ náà kí ẹ tó jáde, torí wọ́n máa ń gbé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ míì lọ sí Emirates.