Fuzzy Select àbí Select by Color: èwo ló mú aró àdìrẹ dáadáa?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ya fọ́tò àdìrẹ n'Ítòkú kẹ́ ẹ tó gbé e sí WhatsApp, ẹ gbọ́ o. Nínú GIMP, ètò tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe lórí kọ̀ǹpútà, irinṣẹ́ méjì ló ń fi àwọ̀ mú nǹkan, wọ́n jọra bí ìbejì àmọ́ ìwà wọn ò dọ́gba rárá.

Fuzzy Select, ẹ tẹ U, ibi tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ló ti máa bẹ̀rẹ̀, á máa mú àwọ̀ tó jọ ọ́ tó sì fara kàn án lọ, tó bá ti kan ìlà funfun báyìí, ó parí. Lánàá mo fẹ́ sọ aró ẹlẹ́kọ kan tí màmá mi gbé wá di àwọ̀ ewé, igun kan péré ló mú, ni mo bá di Shift mú, mò ń tẹ̀ ẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, ọwọ́ ti ń ro mí kí n tó rántí èkejì.

Select by Color (Shift+O) ò ka ìlà kankan sí, ẹ tẹ aró lẹ́ẹ̀kan, gbogbo aró inú fọ́tò ló máa kó. Ó tiẹ̀ kó jíínsì ọmọ tó di aṣọ náà mú mọ́ ọn, ẹ̀rín pa mí.

Àwọn méjèèjì ló ní Threshold o, ìyẹn bí àwọ̀ ṣe lè yàtọ̀ tó kí irinṣẹ́ náà tó fi í sílẹ̀, 15 lẹ máa bá níbẹ̀, ó lè dé 255. Èmi gbé e sí 40 torí aró ọ̀hún ti ṣá. Fuzzy Select, ògiri ẹ̀yìn aṣọ ni mo máa ń fi í gé kúrò ní tèmi.